Gbọ̀ngàn Àsọyé fún Gbogbo Ìlú: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ láti Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí a sọ yàrá ìkọ́ni kan di gbọ̀ngàn tí ilé-ẹ̀kọ́ akitẹ́ẹ̀tì kan ní Adó-Èkìtì yóò ti máa ṣe àsọyé ìta-gbangba. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ nìkan ni a ń retí níbẹ̀. Bíríkìlà ń bọ̀, káfíńtà ń bọ̀, wẹ́dà ń bọ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ tí kò tíì mọ ibi tí yóò kọjú ilé sí náà ń bọ̀. Irú àwọn wọ̀nyí kì í tètè dé, torí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìlà ìjókòó tó kẹ́yìn, mítà 11.7 sí ojú àwòrán tó wà lára ògiri iwájú, ni a ti wọn gbogbo nǹkan nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi olùsọ̀rọ̀, tí kò sì lè ka ìwọ̀n tó wà lára àwòrán ilé, àsọyé náà kò tíì di ti ìta-gbangba, ti àwọn tó wà níwájú ló ṣì jẹ́.

Yàrá náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 14, ìbú rẹ̀ mítà 9, gíga rẹ̀ mítà 3.6 láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn. Tẹráàsò ló wà nílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 ni ògiri, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún. Kò sí sílíìnì, nítorí yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ya àwòrán ló wà lókè, dẹ́kìn rẹ̀ ni ẹni tó bá gbójú sókè ń rí. Fèrèsé 8 ló ní, 4 lápá àríwá, 4 lápá gúúsù, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.5, ó ga ní mítà 1.2. Ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, inú ni méjèèjì ń ṣí sí. Àwọn ilẹ̀kùn yẹn ni a kọ́kọ́ yí padà kí wọ́n lè máa ṣí síta. Bí ènìyàn 120 bá fẹ́ sá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà níwájú á fi ara ti ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú pa, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè fà á mọ́.

Dẹ́kìn tó wà lókè ní oore kan: òjò kì í lu páànù lórí olùsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú gbọ̀ngàn tí páànù wà lórí rẹ̀ tààrà ní láti yanjú ọ̀rọ̀ òjò ná, torí kò sí sípíkà tó lè borí òjò Èkìtì lórí páànù láìdi ariwo.

Ìró: ìṣirò kí owó tó jáde

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ìró kan tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ láàárín ògiri méjì tó dojú kọra, lẹ́yìn náà ẹ óò gbọ́ tí gbogbo yàrá ń hó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta wà tí àtẹ́wọ́ kì í tètè fi hàn: ohùn tó kúrò lẹ́nu olùsọ̀rọ̀ yóò rin mítà 14 dé ògiri ẹ̀yìn, yóò rin mítà 14 padà. Nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sán ní Adó, bí mítà 348 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ohùn yẹn á padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 0.08. Ohun tó bá ti ju 0.05 lọ, etí á máa gbọ́ ọ bí ohùn kejì. Òun ni ó ń mú kí olùsọ̀rọ̀ máa dúró láàárín gbólóhùn, bí ẹni tí wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ìṣirò tí a lò ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1895 ni Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún Wallace Sabine, ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì, pé kí ó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn àsọyé inú Fogg Art Museum, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yéké. Ìró ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ níbẹ̀ kí ó tó kú. Sabine kó tìmùtìmù ìjókòó láti ilé eré kan nítòsí wọ inú gbọ̀ngàn náà lóru, ó ń wọn iye tí ìró fi ń dín kù bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni òfin rẹ̀ ti jáde: ẹ mú 0.161, ẹ fi ìwọ̀n inú yàrá ní m³ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi àròpọ̀ agbára tí gbogbo ojú yàrá ní láti mu ìró pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìró fi ń pẹ́.

Yàrá tiwa jẹ́ 453.6 m³. Ẹ fi 0.161 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 73. Ní ohùn àárín, 500 Hz, ògiri tí a rẹ́ ń mu ìdá 0.02 péré nínú ìró tó bá bà á, tẹráàsò àti dẹ́kìn náà bẹ́ẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ń mu bí 0.18. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àga 120, 14.6 ló jẹ́. 73 pín sí 14.6 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5. Yàrá ìkọ́ni wa kò sàn ju ti Harvard lọ. Ènìyàn ń ṣèrànwọ́, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jókòó ń mu bí 0.4: bí ènìyàn 60 bá wọlé, ó di 1.9; bí ó bá kún, ó di 1.2. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ sísọ ń fẹ́ nínú yàrá tó tó báyìí wà láàárín 0.7 sí 0.9. Ìró sílébù tó ṣáájú kò gbọdọ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e bá dé, àgàgà ní èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń gbé ìtumọ̀ bíi tiwa.

Ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò lè fi bàlúù wọ̀n ọ́n. Ẹ fẹ́ bàlúù ńlá, ẹ fọ́ ọ níbi tí olùsọ̀rọ̀ yóò dúró, kí fóònù tó wà ní ìlà 10, èyí tó kẹ́yìn, gba ìró náà sílẹ̀. Ẹ wò ó lórí áàpù tó ń fi dB, òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pọ̀ tó, hàn: ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìró fi já wálẹ̀ ní 30 dB, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tiwa fi díẹ̀ kéré sí ìṣirò, torí ìró ń gba ojú fèrèsé tí kò dé dáadáa jáde.

Ohun tí a kò lò

Páálí ẹyin. Gbogbo ènìyàn ló ń dábàá rẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́. Páálí fẹ́lẹ́ kò ní ìjìnlẹ̀ tí ìró lè wọ̀ kó sì rẹ̀ sí. Ó ń dín ìró tó tín-ín-rín kù díẹ̀, ó ń fi ohùn ènìyàn sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì ń gbiná bí ìwé. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì burú ju ìyẹn lọ, nítorí bí ó bá gbiná, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí èrò ń wọ̀.

Rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, ni a lò, èyí tó nípọn ní mm 50, tó wúwo ní kg 60 fún m³ kan, tí wọ́n gé ní mm 1200 sí 600. Kì í jó. Ìdá 0.85 ló ń mú nínú ohùn àárín.

Pánẹ́ẹ̀lì 64

Pánẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ẹyọ rockwool kan tí a fi férémù igi yí ká, tí a sì fi aṣọ bò. 64 ni ìṣirò béèrè, 46 m² ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí a fi wọ́n sí ṣe pàtàkì bí iye wọn. 20 lọ sí ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n lè pa ohùn tó ń padà wá lẹ́yìn 0.08 yẹn. 16 lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, 8 lápá kan, láàárín fèrèsé, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí wọ́n dojú kọra. Ibi tí pánẹ́ẹ̀lì bá wà lápá àríwá, ògiri lásán ló wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ lápá gúúsù, nípa bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí ògiri lásán méjì ti ń ju ìró síra wọn. 28 tó kù lọ sí òkè, láti àárín lọ sẹ́yìn. A fi mítà 4 àkọ́kọ́ dẹ́kìn, èyí tó wà lókè olùsọ̀rọ̀, sílẹ̀ láìfi nǹkan bò ó, torí òun ni ó ń ju ohùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn. Ẹni tó bá bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ti gba ohùn lọ́wọ́ ìlà 10.

Igi afàrà ni férémù. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, káfíńtà wa náà sì mọ̀ ọ́n lò. Ibi pákó ni ìṣirò ti lè já ẹni kulẹ̀. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Férémù kan ń fẹ́ igi mm 1240 méjì àti mm 600 méjì, àpapọ̀ mítà 3.68. Sẹ̀ǹtímítà méjì ni pákó kan fi kúrú! Ẹni tó bá ra pákó kan fún férémù kan yóò kó igi jọ láìrí ojútùú. Bí a ṣe gé e nìyí: a la pákó oníbùú ínǹṣì 12 sí ọ̀pá mẹ́rin oníbùú mm 70, a sì fá a títí ó fi nípọn ní mm 20. Ọ̀pá 64 ni a gé sí 1240 méjì àti 600 kan. Ọ̀pá 11 ni a gé sí 600 mẹ́fà-mẹ́fà. Ọ̀pá 75 ni gbogbo rẹ̀, pákó 19, pẹ̀lú ẹyọ kan lé e fún èyí tó bá ní ojú tàbí tó là. Ẹ wọn pákó ní ọjà kí ẹ tó sanwó, torí òmíràn kì í pé ẹsẹ̀ bàtà 12, ọ̀pá tí a fẹ́ gé sí 600 mẹ́fà kò sì ní àlékún ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ tí ẹnu ayùn bá ti jẹ tirẹ̀.

A fi oògùn ikán kun igi náà, a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí aṣọ tó kàn án. Igi tútù tí wọ́n bá kàn ní ìgbà òjò yóò lọ́ nígbà ọyẹ́, aṣọ orí rẹ̀ á sì tú.

Aṣọ: ẹ fi ẹnu lé e, ẹ fẹ́ atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́, ìró á gbà á kọjá. Ankara tí kò ní ọ̀dà púpọ̀ dára. Èyí tó ń dán bí ọ̀rá ò dára, torí ojú rẹ̀ á ta ìró padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rockwool. Pánẹ́ẹ̀lì kan gba mítà 1.45 nínú aṣọ oníbùú ínǹṣì 46, bọ́ńdù oníyáàdì mẹ́fà kan sì ń bo 3, nítorí náà bọ́ńdù 22 ni 64 ń fẹ́. A tẹ́ nẹ́ẹ̀tì funfun sí ẹ̀yìn kí okùn rockwool má baà máa já bọ́. Ẹni tó bá ń gé rockwool gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, aṣọ alápá gígùn àti ìbomú, kí ó sì gé e níta. Yíyún rẹ̀ kì í tètè lọ lára.

Èyí tó wà lókè wúwo tó bíi kg 5. Bóòtì M6 mẹ́rin ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ihò mm 8 tó jìn ní mm 40 nínú dẹ́kìn, wáyà irin tí kì í dípẹtà ní mm 2. Bí dírílì bá kan irin inú dẹ́kìn, kí wọ́n sún un ní mm 50, kí wọ́n má fi agbára lu irin náà. A fi àyè mm 200 sílẹ̀ láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti dẹ́kìn, torí àyè yẹn ń jẹ́ kí ó mu ohùn ìsàlẹ̀ tó ń hó nínú yàrá, èyí tí rockwool mm 50 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn kò lè mú.

Àwọn fáànù òkè kúrò. Apá wọn tó ń yí ń gé ìmọ́lẹ̀ projector kọjá, àwòrán á máa ṣẹ́jú, wọn ò sì ní jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì dúró jẹ́ẹ́. Fáànù ògiri 6 ló rọ́pò wọn, a sì dá wọn dúró sí ìpele 2, torí ní ìpele 3 ariwo wọn ń wọ máíìkì.

Kọ́tìnì fèrèsé náà ń ṣe tirẹ̀, bí aṣọ rẹ̀ bá nípọn, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì fèrèsé kí ó lè ká. Pẹ̀lú wọn, ìṣirò tuntun nìyí: yàrá òfìfo 1.2, ènìyàn 60 0.85, ènìyàn 120 0.66.

Ìjókòó

Ìlà 10, àga 12 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mítà 0.9 láàárín ìlà sí ìlà, ọ̀nà oníbùú mítà 1.2 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìlà àkọ́kọ́ wà ní mítà 3.6 sí ojú àwòrán.

Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú ẹni tó jókòó wà ní mítà 1.2, àtàrí ẹni iwájú rẹ̀ sì ga ju ìyẹn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ fa ìlà láti ojú ẹni tó wà ní ìlà 10 kọjá lórí àtàrí náà dé ojú àwòrán. Mítà 2.76 ló máa kàn. Òkè àwòrán wa wà ní 3.2, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 44 péré ni ẹni yẹn rí nínú àwòrán mítà 2. Orí gèlè kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Ohun méjì ló yanjú rẹ̀. Àkọ́kọ́, a kò to àga tẹ̀lé ara wọn. Ìlà kan sún ní ìdajì àga sí èyí tó wà níwájú rẹ̀, kí ojú lè gba àárín èjìká méjì kọjá. Èkejì, ìlà 6 dé 10 gun orí pẹpẹ onígi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ ní mm 150, tí ilẹ̀ ìlà 10 fi wà ní mm 750. Pẹ̀lú méjèèjì, láti ìlà 6 dé 10, gbogbo àwòrán hàn dé ìsàlẹ̀. Ìlà 3 dé 5 ló ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin nísàlẹ̀. A kò gbé wọn sókè, torí ẹni tó ń ti ọ̀pá rìn tàbí tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní láti rí ibi jókòó láìgun àtẹ̀gùn, kí ó má sì jẹ́ ìlà kìíní nìkan ni wọn yóò máa tì í sí. Dípò bẹ́ẹ̀, a sọ ọ́ di òfin fún olùsọ̀rọ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú.

Fún pẹpẹ náà, igi 2×4 ni ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín ọ̀kan sí èkejì, pílíwúùdù mm 18 lórí rẹ̀. Síìtì pílíwúùdù mẹ́rin ní ìlà kan, 20 ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a gé ìbú síìtì láti 1220 sí 900, èyí tó ṣẹ́kù la sí ọ̀nà méjì fún ojú àtẹ̀gùn mm 150, a kò ra igi mìíràn fún un. Gúlúù àti síkíróò ni, kì í ṣe ìṣó. Ìṣó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́, pẹpẹ á sì máa ké. Ibi tí síìtì méjì bá ti pàdé gbọ́dọ̀ wà lórí igi. Gbogbo èékù rockwool lọ sábẹ́ pẹpẹ, torí àpótí òfìfo máa ń dún bí ìlù lábẹ́ bàtà ẹni tó pẹ́ dé. Ẹ̀yìn ìlà 10 ní irin ìdìmú mítà 1.1 tí wẹ́dà dè mọ́ ilẹ̀, etí àtẹ̀gùn sì ní ọ̀dà funfun.

Ojú àwòrán

A kò ra aṣọ àwòrán. Ògiri iwájú ni a fi P.O.P. tẹ́jú, tí rúlà mítà 2 kò fi rí ihò tó ju mm 3 lọ, a kùn ún ní ọ̀dà funfun tí kì í dán, a sì fi ọ̀dà dúdú yí i ká. Ó fẹ̀ ní mítà 3.2, ó ga ní mítà 2, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà 1.2 sílẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán á máa fi gílóòbù projector han ojú ẹni tó jókòó láàárín.

Projector 4000 lumens (iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀) lórí 6.4 m² ń fúnni ní bí lux 625 (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ojú kan). Bí fèrèsé bá ṣí lọ́sàn-án tí lux 300 wà lórí ògiri náà, ibi tó funfun jù kò mọ́lẹ̀ ju ibi tó dúdú jù lọ ju ìlọ́po 3 lọ, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ á sì pòórá. Pẹ̀lú kọ́tìnì a mú un wá sí 40, ìyàtọ̀ di ìlọ́po 16. Projector wà ní mítà 4.8 sí ògiri, torí ìlọ́po 1.5 ìbú àwòrán ni lẹ́ńsì rẹ̀ ń fẹ́. Wáyà HDMI lásán tó bá ti ju mítà 10 lọ máa ń mú àwòrán tán kó tún dé. Tiwa gba mítà 15, nítorí náà ti okùn ìmọ́lẹ̀ (fiber optic) ni a lò. Irú rẹ̀ ní orí àti ìdí: orí kan ni ti kọ̀ǹpútà, èkejì ti projector. Ẹ dán an wò nílẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú páìpù.

Èyí tó kàn yìí, mo fẹ́ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ akitẹ́ẹ̀tì gbogbo kà á dáadáa. Ojú tó dá pé lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ní mítà 12 bí wọ́n bá jìnnà síra ní mm 3.5. Píkísẹ́ẹ̀lì kan, ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán tí projector ń tàn, jẹ́ mm 1.7 lórí ògiri wa. Nítorí náà àwọn ìlà oní-píkísẹ́ẹ̀lì kan tó sún mọ́ra, irú èyí tí àwòrán ilé kún fún, kì í yà sọ́tọ̀ lójú ẹni tó wà lẹ́yìn. Píkísẹ́ẹ̀lì 3 ni ìlà tó tín-ín-rín jù gbọ́dọ̀ jẹ́. Lẹ́tà kò gbọdọ̀ kéré ju ìdá kan nínú 30 gíga àwòrán lọ, píkísẹ́ẹ̀lì 40. Àwòrán A1 (ti bébà ńlá akitẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n kàn gbé sórí ògiri bó ṣe wà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tún un yà fún àsọyé: pílánù kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣe kókó.

Iná àti ohùn

Projector 330 W, áńpù àti mixer (ẹ̀rọ tó ń po ohùn máíìkì pọ̀) 150, kọ̀ǹpútà méjì 130, fáànù 6 420, gílóòbù LED 12 144, kámẹ́rà àti ráútà 40. Àpapọ̀ 1214 W. Báàtìrì lithium 25.6 V, 200 Ah, ní 5.12 kWh nínú. Bí a bá lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí a sì yọ ohun tí inverter ń jẹ, 4.2 ló kù, wákàtí 3 ààbọ̀. Inverter 3 kVA, wáyà báàtìrì 35 mm² tí kò gùn ju mítà 1.5 lọ, fíúsì 150 A nítòsí báàtìrì. Jẹnẹrétọ̀ ń gba agbára sí báàtìrì kí àsọyé tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń pa á nígbà tí ènìyàn bá wọlé. UPS kékeré kan dá wà fún projector, torí bí iná bá ṣẹ́jú nígbà tí inverter ń gbà á, projector á kú. Kí ó tó tún tàn, èrò ti tú ọkàn kúrò.

Sípíkà olópòó méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àwòrán, ní mítà 2.2, wọ́n dojú kọ ìlà 8. Níwájú máíìkì ni sípíkà gbọ́dọ̀ wà. Bí olùsọ̀rọ̀ bá rìn kọjá wọn, máíìkì yóò súfèé. A gbìyànjú sípíkà méjì mìíràn láàárín yàrá, a sì yọ wọ́n, torí ohùn tiwọn ń ṣáájú ti iwájú dé etí ará ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ sì ń di méjì-méjì. Ó ṣeé tọ́jú bí mixer bá lè dá ohùn dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì nílẹ̀, yàrá mítà 14 kò nílò wọn.

Wáyà máíìkì àti wáyà iná kò gbọdọ̀ rìn pọ̀. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Bí ẹ bá gbọ́ híhùn tó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Máíìkì alárìnkiri méjì wà fún ìbéèrè, ọ̀kan ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún gbígbà sílẹ̀, ohùn wá tààrà láti mixer, kì í ṣe láti kámẹ́rà. Fídíò wákàtí kan ààbọ̀ ní 8 Mbps jẹ́ 5.4 GB. Ẹ ṣètò (format) káàdì kámẹ́rà ní exFAT, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, òmíràn nínú kámẹ́rà á sì dáwọ́ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àsọyé fúnra wọn, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lọ́wọ́ gbọ̀ngàn

Òwúrọ̀ Sátidé, aago 10 sí 12. Òjò Èkìtì sábà máa ń yan ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, òde ìnáwó náà kì í tíì gbóná nígbà yẹn.

Àsọyé lórí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ló le jù fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀ ló gbé ṣiṣẹ́, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn, èyí tó fi àbẹ̀wò òyìnbó aṣojú ìjọba sí Ògògà hàn, dé ibi ìpàtẹ ní Wembley, London, ní 1924, British Museum ló sì wà títí di òní. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ síta ju bí ère ara pákó ṣe ń yọ lọ. Fọ́tò tí iná dojú kọ tààrà á sọ ọ́ di pẹrẹsẹ. Bí a bá gbé òpó gbígbẹ́ wá sínú gbọ̀ngàn, iná kan láti ẹ̀gbẹ́, ní òkè díẹ̀, ló ń fi ọwọ́ agbẹ́gilére hàn. A fi sókẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lára ògiri gúúsù nítorí rẹ̀.

Àsọyé lórí ilé fún ilẹ̀ olóoru ń lo àwòrán àtijọ́ tó ṣókùnkùn, kọ́tìnì gbọ́dọ̀ dé pátá. Ìtàn rẹ̀ kan wa gbọ̀n-ọ́n: Adédòkun Adéyẹmí, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dábàá ìpàdé tí wọ́n ṣe ní University College London ní 1953 nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá ojú ọjọ́ ilé mu. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Architectural Association, ilé-ẹ̀kọ́ akitẹ́ẹ̀tì kan ní London, dá ẹ̀ka ìkọ́lé ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ lábẹ́ Maxwell Fry, akitẹ́ẹ̀tì tí òun àti Jane Drew ya Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó dá lórí Demas Nwoko, akitẹ́ẹ̀tì ọmọ Nàìjíríà tí Venice Biennale fún ní Golden Lion ti iṣẹ́ gbogbo ayé ẹni ní 2023, ń fẹ́ àwòrán ńlá tí kò ní ọ̀rọ̀, torí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì Dominican rẹ̀ ní Ìbàdàn ni kókó.

Èyí tó dá lórí búlọ́ọ̀kù alámọ̀ kò fẹ́ projector rárá. Tábìlì, garawa omi, amọ̀ oríṣi mẹ́ta, tápólì nílẹ̀, kámẹ́rà lórí ọwọ́ bíríkìlà kí ìlà 10 lè rí i lórí ògiri. Èdè Yorùbá ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíríkìlà náà sì ń gba owó olùsọ̀rọ̀ kan náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbà. Ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú ni a ń ránṣẹ́ sí olùsọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ni àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé, kí a lè wò ó láti ìlà 10 kí ó tó di ọjọ́ náà.

Ohun tó kù

Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ń jẹ́ kí ariwo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, rọ́bà ni yóò dí i. Ìsopọ̀ síìtì kan ní ìlà 7 ń ké nítorí igi abẹ́ rẹ̀ lọ́ díẹ̀. A óò ṣí i, a óò fi igi kejì kún un, a óò tún gúlúù rẹ̀ fi. Nígbà ọyẹ́, àsẹ́ projector gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún gbígbá eruku, torí bí ó bá dí, ẹ̀rọ á gbóná, á sì pa ara rẹ̀ láàárín àsọyé. Bóòtì òkè ni a óò fi ọwọ́ dán wò lẹ́yìn gbogbo sáà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tó wà lókè ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá.